Iṣẹ́ tí Ó Ṣì Wà Lọ́wọ́: Bí Ẹgbẹ́ Akọ-ètò Kọ̀ǹpútà Ṣe Ń Yà Á Sọ́tọ̀ tí Wọ́n sì Ń Tọ́jú Ẹ̀dà Rẹ̀

Ètò kọ̀ǹpútà tí ó bá tóbi díẹ̀, ìbáà jẹ́ ti báńkì tàbí ti ilé ìwòsàn, kì í ṣe iṣẹ́ ẹnì kan ṣoṣo. Ènìyàn mẹ́wàá, ọgọ́rùn-ún tàbí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló lè máa kọ kóòdù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kóòdù yìí sì ni àwọn àṣẹ tí a kọ sínú fáìlì, tí kọ̀ǹpútà ń kà tí ó sì ń tẹ̀ lé. Nígbà tí ọwọ́ púpọ̀ bá wà nínú fáìlì kan náà, ìṣòro méjì ló máa ń yọjú. Ìkíní ni pé iṣẹ́ ẹnì kan tí kò tíì parí lè ba iṣẹ́ ẹlòmíràn tí ó ti parí jẹ́, nítorí pé kóòdù tí a kọ dé ìdajì lè má ṣiṣẹ́ rárá, ó sì lè ṣiṣẹ́ kí ó máa ṣe ohun tí kò yẹ. Ìkejì ni pé ẹni tí ó bá fi fáìlì pamọ́ kẹ́yìn lè pa iṣẹ́ ẹni tí ó ṣáájú rẹ̀ rẹ́ láìmọ̀. Ìyàsọ́tọ̀ àti ìtọ́jú ẹ̀dà ni àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà fi ń kojú ìṣòro méjèèjì.

Ìyàsọ́tọ̀ túmọ̀ sí pé oníṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ààyè tirẹ̀ tí ó ti lè tú kóòdù palẹ̀, kí ó tún un tò, kí ó sì dán an wò, láìjẹ́ pé ohun tí ó ń ṣe kan ẹnikẹ́ni títí yóò fi dá a lójú pé ó ti gún régé. Ìtọ́jú ẹ̀dà túmọ̀ sí pé a ń kọ ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí iṣẹ́ náà gbà sílẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ẹni tí ó gbé e, ọjọ́ tí ó gbé e àti ìdí tí ó fi gbé e, débi pé a lè padà sí bí kóòdù ṣe rí lánàá tàbí ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn nígbàkígbà tí ó bá wù wá. Méjèèjì jọ ń rìn ni, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń ná ẹgbẹ́ kò dọ́gba. Àkọsílẹ̀ kì í gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, bí ó bá sì ṣe ń pọ̀ sí i ni ó ń wúlò sí i. Ìyàsọ́tọ̀ ní tirẹ̀ máa ń wọ́n sí i bí ó bá ṣe ń pẹ́ sí i, nítorí pé ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí iṣẹ́ ẹnì kan bá fi dá wà ni iṣẹ́ àwọn yòókù ń yí padà tí ó sì ń jìnnà sí i. Ẹgbẹ́ tí ó bá mọ iṣẹ́ yóò máa ṣe àkọsílẹ̀ léraléra, yóò sì máa ya iṣẹ́ sọ́tọ̀ fún ìgbà kúkúrú. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ló ń ṣe òdìkejì, wọn a ya iṣẹ́ sọ́tọ̀ fún oṣù kan, wọn a sì kọ àkọsílẹ̀ ẹyọ kan ṣoṣo lé e lórí.

Ọdún 1972 ni Marc Rochkind, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ SCCS, ọ̀kan nínú àwọn ètò àkọ́kọ́ tí a dá sílẹ̀ láti máa tọ́jú ẹ̀dà kóòdù. Ní 1982, Walter Tichy ti Yunifásítì Purdue gbé RCS jáde, tí ó máa ń tọ́jú ẹ̀dà tuntun lódidi, tí ó sì máa ń tọ́jú àwọn ti àtijọ́ gẹ́gẹ́ bí ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín wọn àti èyí tí ó tẹ̀ lé wọn, kí ẹ̀dà tí àwọn ènìyàn ń lò jù lọ lè tètè jáde. Títì pa ni ìyàsọ́tọ̀ lábẹ́ irú ètò wọ̀nyí: ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe àtúnṣe sí fáìlì kan yóò kọ́kọ́ tì í, ẹlòmíràn kò sì ní lè kọ nǹkan sí i títí yóò fi ṣí i. Iṣẹ́ kì í forí gbárí níbẹ̀, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti fáìlì pa tí ó sì gba ìsinmi lọ ti dá gbogbo ẹgbẹ́ dúró.

Dick Grune, olùkọ́ ní Vrije Universiteit ní ìlú Amsterdam, wá ọ̀nà mìíràn gbà ní 1986. Òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ méjì jọ ń kọ ètò kan tí ó ń yí èdè C padà sí èdè tí ẹ̀rọ gbọ́. Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, èkejì kò ní àkókò kan pàtó, Grune fúnra rẹ̀ kì í sì í ráyè àfi ní alẹ́. Títì fáìlì pa kò lè bá irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ lára mu, nítorí náà ó kọ CVS, tí ó jẹ́ kí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú ẹ̀dà tirẹ̀, kí ó ṣiṣẹ́ nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀, kí ó sì da iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti àwọn yòókù nígbà tí ó bá ṣetán. Èrò yìí, pé kí a gba ìforígbárí láàyè kí a sì máa yanjú rẹ̀ lẹ́yìn, ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ètò òde òní dúró lé lórí. Subversion, tí ilé-iṣẹ́ CollabNet bẹ̀rẹ̀ ní 2000, tún ọ̀pọ̀ àléébù CVS ṣe, ó sì mú kí ó rọrùn láti dá ẹ̀ka sílẹ̀, ìyẹn ojú ọ̀nà kóòdù tí ó yà kúrò lára ti gbogbogbòò kí iṣẹ́ kan lè máa lọ níbẹ̀ láìdí ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ibi tí ó ti kù díẹ̀ káàtó ni ìdàpọ̀ ẹ̀ka. Kí ẹ̀dà 1.5 tó jáde ní 2008, Subversion kì í rántí àwọn àtúnṣe tí a ti dà pọ̀ láti ẹ̀ka kan sí òmíràn. Oníṣẹ́ fúnra rẹ̀ ni yóò máa kọ nọ́ńbà wọn síbì kan, bí ó bá sì gbàgbé, ètò náà lè gbìyànjú láti da àtúnṣe kan náà pọ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Bí ìdàpọ̀ ṣe ń ba ènìyàn lẹ́rù yìí ló mú kí àwọn kan máa sá fún ẹ̀ka pátápátá, kí àwọn mìíràn sì máa sún ọjọ́ ìdàpọ̀ síwájú títí yóò fi di ohun tí apá kò ká mọ́.

Inú iṣẹ́ Linux ni ìyípadà ńlá ti wá. Linux, tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní Finland ní 1991, ni ó wà ní ìdí ọ̀pọ̀lọpọ̀ sáfà lágbàáyé àti gbogbo fóònù Android. Ní ọdún mọ́kànlá àkọ́kọ́, í-meèlì ni àwọn oníṣẹ́ fi ń fi àtúnṣe ránṣẹ́, Torvalds sì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ lẹ̀ wọ́n mọ́ kóòdù. Láti 2002 wọ́n lo BitKeeper, ètò tí ilé-iṣẹ́ Larry McVoy gbà wọ́n láàyè láti máa lò lọ́fẹ̀ẹ́ lábẹ́ àdéhùn kan. Nígbà tí aáwọ̀ bẹ́ sílẹ̀ lórí àdéhùn yìí ní 2005, ilé-iṣẹ́ náà gba àṣẹ ọ̀fẹ́ padà. Torvalds bẹ̀rẹ̀ sí í kọ Git ní ọjọ́ 3 oṣù kẹrin ọdún náà. Nígbà tí ó fi di ọjọ́ 7, Git ti ń tọ́jú kóòdù ara rẹ̀. Ní oṣù kẹfà, Linux 2.6.12 jáde lábẹ́ ìtọ́jú rẹ̀. Ní oṣù keje ni Torvalds fa Git lé Junio Hamano lọ́wọ́, ọwọ́ ẹni yìí ni àbójútó rẹ̀ sì wà láti ìgbà náà. Iṣẹ́ ọjọ́ díẹ̀ yìí kò ṣẹ̀yìn ohun tí Torvalds ti rí fún ọdún púpọ̀ lọ́wọ́ ìdàpọ̀: ó mọ̀ pé ètò tí kò bá sọ ìdàpọ̀ di ohun ojoojúmọ́ kò ní gba ẹgbẹ́ tí ó tóbi tó ti Linux.

Ìpìlẹ̀ Git ni àkọsílẹ̀ tí a ń pè ní kọ̀mítì. Kọ̀mítì kan ń ṣàfihàn bí gbogbo fáìlì iṣẹ́ náà ṣe rí ní ìṣẹ́jú kan pàtó, pẹ̀lú orúkọ ẹni tí ó ṣe é, àkókò, ọ̀rọ̀ àlàyé, àti àmì kọ̀mítì tí ó ṣáájú rẹ̀. Láti inú gbogbo nǹkan wọ̀nyí ni Git ti ń ṣírò àmì ìdánimọ̀ tí ó ní lẹ́tà àti nọ́ńbà 40, lọ́nà tí ó fi jẹ́ pé bí a bá yí kọ́mà kan ṣoṣo padà nínú fáìlì kan, àmì kọ̀mítì náà yóò yí padà, ti gbogbo èyí tí ó bá sì tẹ̀ lé e yóò yí padà pẹ̀lú. Ìdí nìyí tí ẹnikẹ́ni kò fi lè dọ́gbọ́n tún ìtàn iṣẹ́ kọ láìjẹ́ pé àwọn tí ó ní ẹ̀dà rẹ̀ lọ́wọ́ mọ̀. Ẹ̀ka wá jẹ́ ohun kékeré tí ó ya ni lẹ́nu: fáìlì kan tí kò ju báìtì 41 lọ ni, àmì kọ̀mítì tí ó gbẹ̀yìn lórí ẹ̀ka náà ni ó wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú àmì òpin ìlà. Dídá ẹ̀ka sílẹ̀ kò da kóòdù kankan kọ, ìbáà tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ náà ní mílíọ̀nù ìlà, pípa á rẹ́ kò sì gba nǹkan kan. Àfikún sí èyí ni pé kọ̀ǹpútà oníṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní gbogbo ìtàn iṣẹ́ náà lódidi, kì í ṣe sáfà kan ní àárín nìkan, nítorí náà ènìyàn lè dá ẹ̀ka, kí ó kọ kọ̀mítì, kí ó sì wo ẹ̀dà ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn nígbà tí kò sí íntánẹ́ẹ̀tì rárá.

Láàárín fáìlì tí ènìyàn ń kọ lọ́wọ́ àti kọ̀mítì, Git fi ibi kẹta sí i, tí í ṣe pẹpẹ ìgbáradì, níbi tí oníṣẹ́ ti ń ṣa àwọn àtúnṣe tí ó fẹ́ kí kọ̀mítì tí ń bọ̀ gbé. Ẹni tí ó bá tún àṣìṣe kan ṣe, tí ó sì tún yí àwọ̀ bọ́tìnì padà nínú fáìlì kan náà, lè fi àtúnṣe kọ̀ọ̀kan sí kọ̀mítì tirẹ̀. Àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ Git sábà máa ń ka pẹpẹ yìí sí ìdíwọ́, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni ó ń jẹ́ kí àkọsílẹ̀ sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní kedere.

Iṣẹ́ tí a dá dúró láàárín ni ó ń fi agbára àwọn irinṣẹ́ wọ̀nyí hàn jù lọ. Bí oníṣẹ́ kan bá ń tún ojú ìwé ìsanwó tò, tí kóòdù rẹ̀ ti fọ́nká, tí kò sì lè ṣiṣẹ́ ní báyìí, tí ìròyìn wá dé pé àwọn oníbàárà kò lè wọlé sí àkáǹtì wọn, dandan ni kí ó fi èyí tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, kí ó padà sí ẹ̀dà tí àwọn oníbàárà ń lò, kí ó tún un ṣe, kí ó sì tún padà wá bá iṣẹ́ àkọ́kọ́ bí ó ṣe fi í sílẹ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ló lè gbà ṣe é. Èyí tí àwọn ènìyàn mọ̀ jù ni àṣẹ git stash, tí ó wọ inú Git ní 2007. Àṣẹ yìí yóò ká gbogbo àtúnṣe tí a kò tíì fi sí kọ̀mítì, yóò fi í pamọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, yóò sì sọ fódà iṣẹ́ di mímọ́ bí ó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ pàjáwìrì bá parí, git stash pop yóò kó o padà. Ó yára, ó sì dùn ún lò, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni iṣẹ́ púpọ̀ ti ń ṣòfò. Ohun tí a fi pamọ́ lọ́nà yìí kò sí lórí ẹ̀ka kankan, kì í bá ẹ̀ka lọ sí sáfà, kì í sì í gbé fáìlì tuntun tí Git kò tíì mọ̀ àfi bí a bá pàṣẹ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá kó nǹkan mẹ́fà tàbí méje jọ síbẹ̀ láìfún wọn lórúkọ kò ní mọ èwo ni èwo lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì.

Ọ̀nà kejì, tí ó dára jù fún ohun tí yóò pẹ́ ju wákàtí kan lọ, ni kí oníṣẹ́ fi iṣẹ́ náà sí kọ̀mítì bí ó ṣe wà, lórí ẹ̀ka tirẹ̀, kí ó sì kọ ọ́ sínú àlàyé pé kò tíì parí. Kò sí ohun ìtìjú nínú èyí. Ẹ̀ka náà kò kan ẹlòmíràn, nígbà tí iṣẹ́ bá sì parí, Git lè pa kọ̀mítì kéékèèké márùn-ún pọ̀ di ẹyọ kan tàbí kí ó tún wọn tò kí ẹni tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò lè lóye rẹ̀. Òfin kan ló wà níbẹ̀ tí a kò gbọdọ̀ rú: ìtàn tí ó ṣì wà lọ́wọ́ ẹnì kan nìkan ni ó lè tún tò bí ó ṣe fẹ́, èyí tí àwọn ẹlòmíràn bá ti gbà, tí wọ́n sì ti kọ́lé lé lórí, kò gbọdọ̀ yí i padà mọ́, nítorí pé àmì gbogbo kọ̀mítì yóò yí padà, iṣẹ́ tiwọn yóò sì di ohun tí kò ní ìpìlẹ̀. Ẹni tí ó bá tún un tò tí ó sì kábàámọ̀ ṣì ní ìrètí, nítorí pé Git ń tọ́jú ìwé ìrántí kan tí a ń pè ní reflog, tí ó ń kọ gbogbo ibi tí ẹ̀ka ti dúró rí sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà náà, tí kì í sì í pa á rẹ́ kí ọjọ́ 90 tó pé. Kìkì àwọn tí kò sí lórí ẹ̀ka mọ́ ni ọjọ́ tiwọn jẹ́ 30. Ohun tí a bá ti fi sí kọ̀mítì nígbà kan rí kì í tètè sọnù. Ohun tí a kò fi sí kọ̀mítì rí, tí a sì pa rẹ́, kò sí lọ́dọ̀ Git.

Ọ̀nà kẹta ni worktree, tí ó wọlé pẹ̀lú Git 2.5 ní 2015. Ó ń jẹ́ kí ibi ìpamọ́ kan ṣoṣo, ìyẹn iṣẹ́ kan pẹ̀lú gbogbo ìtàn rẹ̀, ní fódà méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà lórí ẹ̀ka tirẹ̀. Oníṣẹ́ ojú ìwé ìsanwó yóò fi fódà rẹ̀ sílẹ̀ bí ó ṣe rí, yóò ṣí òmíràn fún iṣẹ́ pàjáwìrì, yóò sì tì í nígbà tí ó bá parí. Láìpẹ́ yìí ni ọ̀nà yìí tún gbajúmọ̀ sí i, nítorí pé àwọn tí ó ń lo ẹ̀rọ olóye láti bá wọn kọ kóòdù máa ń fún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní fódà tirẹ̀ kí méjì má baà máa kọ ohun kan náà mọ́lẹ̀.

Ìyàsọ́tọ̀ kankan kò lópin rere àfi bí ó bá parí sí ìdàpọ̀. Láti da ẹ̀ka méjì pọ̀, Git máa ń wá kọ̀mítì tí àwọn méjèèjì ti jọ wá, yóò sì fi èyí wé ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan. Ibi tí ẹ̀ka kan nìkan ti yí nǹkan padà, ìyípadà náà ni yóò mú. Ibi tí méjèèjì ti fọwọ́ kan ìlà kan náà lọ́nà tí ó yàtọ̀, yóò dúró, yóò sì sọ pé ìforígbárí wà, kí ènìyàn wá dájọ́. Irú ìforígbárí tí ó hàn báyìí kò léwu púpọ̀. Èyí tí ó ń pa ni lára ni èyí tí ẹ̀rọ kò rí. Bí oníṣẹ́ kan bá yí apá kóòdù tí ń gba iye owó padà, kí ó lè máa ka iye náà ní kọ́bọ̀ dípò náírà, tí ó sì tún gbogbo ibi tí ó mọ̀ ṣe, tí ẹlòmíràn sì ti kọ ojú ìwé tuntun lórí ẹ̀ka tirẹ̀ ní fáìlì mìíràn, tí ó ń fi náírà ránṣẹ́ sí apá náà, ìdàpọ̀ méjèèjì yóò lọ geere láìsí ìforígbárí kankan. Oníbàárà tí ó yẹ kí ó san 5,000 náírà yóò san 50 náírà. Àṣìṣe yìí kò sí lórí ẹ̀ka èkíní, kò sì sí lórí ẹ̀ka kejì. Ìdàpọ̀ ló bí i. Àyẹ̀wò tí ẹ̀rọ ń ṣe fúnra rẹ̀ lórí kóòdù tí a ti dà pọ̀ ni ó lè mú un, ojú ènìyàn tí ó mọ iṣẹ́ náà sì ni èkejì rẹ̀. Ohun tí GitHub, ojú òpó íntánẹ́ẹ̀tì tí àwọn ẹgbẹ́ ń kó iṣẹ́ Git wọn sí, mú dé ní 2008 wúlò níbí: oníṣẹ́ yóò fi ìbéèrè ìdàpọ̀ síta kí gbogbo ẹgbẹ́ rí àtúnṣe rẹ̀, kí wọ́n béèrè ọ̀rọ̀, kí wọ́n sì fọwọ́ sí i kí ó tó wọ ẹ̀ka àgbà, ìyẹn ẹ̀ka tí gbogbo ènìyàn jọ ní.

Bí ẹ̀ka bá ṣe pẹ́ tó ni irú àṣìṣe tí kò hàn yìí ń pọ̀ tó. Ó dà bí aṣọ òkè tí àwọn ahunṣọ méjì ń hun ọ̀já rẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: bí wọ́n bá ń gbé e síra wọn wò lẹ́yìn apá kan, ojú ọnà yóò máa bá ara mu, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá hun ún tán kí wọ́n tó pàdé, télọ̀ kò ní lè ṣe é kí ìlà méjèèjì dọ́gba. Ní oṣù kìíní ọdún 2010, Vincent Driessen, ọmọ orílẹ̀-èdè Netherlands, gbé ètò kan jáde tí a mọ̀ sí git-flow, tí ó ní ẹ̀ka àgbà méjì àti oríṣi ẹ̀ka mẹ́ta tí ń ràn wọ́n lọ́wọ́, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ sì gbà á bí òfin. Ní 2020, Driessen fúnra rẹ̀ fi ọ̀rọ̀ kún un pé àwọn ẹgbẹ́ tí ó ń gbé iṣẹ́ jáde léraléra lórí íntánẹ́ẹ̀tì yẹ kí wọ́n lo ohun tí ó rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìmọ̀ràn tí ó tọ́ ni. Ìwádìí tí Nicole Forsgren, Jez Humble àti Gene Kim kó jọ sínú ìwé wọn ní 2018 náà fi hàn pé àwọn ẹgbẹ́ tí iṣẹ́ wọn dára jù ni àwọn tí ẹ̀ka wọn kò pé mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, tí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan kì í sì í pé ọjọ́ kan kí ó tó wọ ẹ̀ka àgbà.

Google ni àpẹẹrẹ tí ó tóbi jù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2015, ibi ìpamọ́ kan ṣoṣo ni ilé-iṣẹ́ náà kó èyí tí ó pọ̀ jù nínú kóòdù rẹ̀ sí, tí ó tó bílíọ̀nù 2 ìlà, àwọn oníṣẹ́ tí ó tó 25,000 sì ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo wọn ló wà lórí ẹ̀ka àgbà kan náà. Èyí kò túmọ̀ sí pé kò sí ìyàsọ́tọ̀ níbẹ̀. Oníṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ààyè iṣẹ́ tirẹ̀ lórí sáfà, níbi tí kìkì àwọn fáìlì tí ó yí padà wà, tí wọn kì í sì í sábà pé mẹ́wàá. Gbogbo ìgbà tí ó bá fi fáìlì pamọ́ ni a ń ya ẹ̀dà rẹ̀ sọ́tọ̀, débi pé ó lè padà sí èyíkéyìí nínú wọn, kí ó sì fún ọ̀kan lórúkọ tàbí kí ó fi í han ẹlòmíràn fún àyẹ̀wò. Níbẹ̀ ni a ti rí i pé a lè tọ́jú gbogbo ìṣísẹ̀ iṣẹ́ tí kò tíì parí láìjẹ́ kí ó pẹ́ lẹ́yìn odi.

Ìbéèrè tí ó kù ni bí iṣẹ́ tí yóò gba oṣù mẹ́ta ṣe lè máa wọ ẹ̀ka àgbà lójoojúmọ́. Ìdáhùn rẹ̀ ni súwíìṣì inú kóòdù: a ó kọ apá tuntun sínú ètò gan-an, ṣùgbọ́n a ó fi àṣẹ kan dí ojú rẹ̀ kí oníbàárà má baà rí i títí a ó fi tan súwíìṣì náà. Kóòdù ti dà pọ̀, àyẹ̀wò ń lọ lórí rẹ̀, àmọ́ ìlò rẹ̀ ṣì wà ní ìyàsọ́tọ̀. Súwíìṣì pẹ̀lú fẹ́ àmójútó, ohun tí ó sì ṣẹlẹ̀ sí ilé-iṣẹ́ Knight Capital ní Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 1 oṣù kẹjọ 2012 jẹ́ ẹ̀rí tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé. Wọ́n lo súwíìṣì àtijọ́ kan fún iṣẹ́ tuntun, láìyọ kóòdù tí súwíìṣì náà ń darí tẹ́lẹ̀ kúrò, bẹ́ẹ̀ ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí wọ́n ti lo kóòdù náà kẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n sì ń gbé ẹ̀dà tuntun sórí sáfà mẹ́jọ, ọ̀kan ṣẹ́ kù tí kò rí i gbà. Bí ọjà ìdókòwò ṣe ṣí, sáfà kẹjọ jí kóòdù àtijọ́ náà dìde, ó sì ń ra, ó ń tà láìdúró. Láàárín ìṣẹ́jú 45, àdánù ilé-iṣẹ́ náà ti ju mílíọ̀nù 460 dọ́là lọ. Súwíìṣì tí iṣẹ́ rẹ̀ bá ti parí gbọ́dọ̀ kúrò nínú kóòdù pẹ̀lú gbogbo ohun tí ó dí lójú, orúkọ rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ohun àtúnlò.

Linux kò lo ẹ̀ka àgbà kan ṣoṣo bí Google, síbẹ̀ ó bọ̀wọ̀ fún òfin kan náà, pé kí ìyàsọ́tọ̀ má ṣe pẹ́ kí ìdàpọ̀ tó dé. Àwọn alábòójútó ní ẹ̀ka tiwọn fún apá kọ̀ọ̀kan, bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tàbí ìṣètò fáìlì. Lẹ́yìn tí ẹ̀dà kan bá jáde, Torvalds máa ń ṣílẹ̀kùn fún ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n da iṣẹ́ wọn pọ̀, yóò sì ti ilẹ̀kùn náà kí wọ́n lè máa tún àṣìṣe nìkan ṣe fún bí ọ̀sẹ̀ méje, kí ẹ̀dà tuntun tó jáde. Kí ọ̀sẹ̀ méjì wọ̀nyí má baà di ìgbà ìdàrúdàpọ̀, Stephen Rothwell bẹ̀rẹ̀ linux-next ní 2008, níbi tí a ti ń da ẹ̀ka gbogbo alábòójútó pọ̀ ní ọjọ́ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan láti dán wọn wò, kí ìforígbárí lè hàn nígbà tí ó ṣì kéré.

Àwọn nǹkan kan wà tí kò yẹ kí ó wọ kọ̀mítì rárá. Ọ̀rọ̀ ìwọlé àti kọ́kọ́rọ́ àṣírí tí a bá fi sí ibẹ̀ kò parẹ́ nítorí pé a yọ wọ́n nínú ẹ̀dà tuntun, nítorí pé ìtàn ṣì gbé wọn dání. Ohun tí ó kù ni kí a sọ kọ́kọ́rọ́ náà di aláìwúlò lójú ẹsẹ̀, kí a sì gba òmíràn. Àwòrán ńláńlá àti fáìlì fídíò náà kò bá ìdàpọ̀ mu, ìdí nìyí tí àwọn tí ń ṣe eré orí kọ̀ǹpútà fi ṣì ń lo títì pa fún wọn títí di òní.

Ní Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ yìí ní ojú mìíràn. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta 2024, nígbà tí àwọn wáyà íntánẹ́ẹ̀tì abẹ́ òkun mẹ́rin bàjẹ́ ní etí òkun Côte d'Ivoire, tí ìsopọ̀ dẹnu kọlẹ̀ ní Èkó àti káàkiri Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ẹni tí ó ń lo Git lè máa dá ẹ̀ka kí ó sì máa kọ kọ̀mítì lọ lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀dà tí kò sí níbòmíràn ju orí kọ̀ǹpútà kan lọ kò tíì bọ́ lọ́wọ́ ewu: iná lè bà á jẹ́, olè lè gbé e, gbogbo kọ̀mítì inú rẹ̀ yóò sì bá a lọ. Nítorí náà, kí gbogbo ẹni tí ó ń kọ kóòdù nínú ẹgbẹ́ máa fi ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sí kọ̀mítì kí ó tó dìde nídìí iṣẹ́, ìbáà tilẹ̀ jẹ́ ìdajì iṣẹ́, kí ó sì fi ẹ̀ka rẹ̀ ránṣẹ́ sí sáfà ní kété tí íntánẹ́ẹ̀tì bá dé. Kí àwọn olórí ẹgbẹ́ pẹ̀lú máa wo àkójọ ẹ̀ka wọn ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí wọ́n sì béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ẹ̀ka rẹ̀ ti pé ọjọ́ mẹ́ta ohun tí ó ń dí i lọ́wọ́ láti dà á pọ̀.